Isu òdòdó ìgbà ìrúwé: ìgbà wo la ń gbìn ín, báwo la sì ṣe ń gbìn ín?

Ará Leeds
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé tí a kó dé lọ́dún yìí ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọgbà díẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Nígbà tí a wá wò ó ní oṣù Kẹta, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè ló kún iwájú ilé gbogbo aládùúgbò, tiwa nìkan ló jẹ́ koríko lásán. Mo fẹ́ kí ọdún tó ń bọ̀ yàtọ̀. Mo ti ra àpò bulb kan ní súpámákẹ́ẹ̀tì, àwọn isu òdòdó tó rí roboto yẹn. Daffodil, tulip àti crocus ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú pọ̀ díẹ̀. Amọ̀ ni ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé, omi a máa dúró síbẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ pọ̀ lórí igi aládùúgbò. Mo sì ní ọmọ ọdún mẹ́ta tí kì í rí nǹkan nílẹ̀ kó má fi sẹ́nu. Oṣù Kẹsàn-án la wà yìí. Ṣé kí n gbìn wọ́n báyìí ni, àbí kí n dúró kí òtútù kọjá ná? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó bá mi dá sí i.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ kú oríire ilé tuntun, àbúrò. Ilé á tù yín lára. Ẹ má dúró kí òtútù kọjá rárá, nítorí òtútù gan-an ni àwọn isu yìí nílò. Òdòdó tí ẹ máa rí lọ́dún tó ń bọ̀ ti wà nínú isu tó wà lọ́wọ́ yín yẹn; ìgbà ooru ló ti dá sínú rẹ̀. Ohun tó kù fún un ni kó ta gbòǹgbò kí ilẹ̀ tó tutù jù, kí òtútù sì mú un fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 16. Tulip tí òtútù kò bá mú tó, ewé lásán ló máa ń yọ, tàbí kí òdòdó rẹ̀ ràn mọ́ àárín ewé kó má lè ga.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbin gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà. Daffodil ló ń tètè ta gbòǹgbò, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tì bọlẹ̀: oṣù Kẹsàn-án yìí náà bó bá ṣeé ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ oṣù Kẹwàá. Ẹ gbin crocus tẹ̀ lé e. Tulip ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di oṣù Kọkànlá. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní tulip fire, ewé á lọ́, àmì búráùn á sì bò ó káàkiri. Bí ilẹ̀ bá ti tutù, agbára àrùn náà máa ń dín kù, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń pẹ́ kí wọ́n tó gbin tulip. Kódà ẹni tó gbìn ín ní oṣù Kejìlá ṣì ń rí òdòdó tó dára. Bí àrùn yìí bá sì wọ ọgbà yín lọ́jọ́ kan, ẹ hú gbogbo èyí tó mú, ẹ jù ú nù, kẹ́ ẹ má gbin tulip síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán.

Títí di ìgbà yẹn, ẹ má fi tulip yín sílẹ̀ nínú ọ̀rá. Ẹ kó o sínú àpò bébà, ẹ gbé e síbi tó tutù tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó gbìn wọ́n. Èyí tó bá le ló dára. Èyí tó bá ti rọ̀ tàbí tó ti ń bu, ẹ yọ ọ́ sọ nù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Kent
Ní ti ọ̀kẹ́rẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí daffodil. Májèlé wà nínú rẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ kì í jẹ ẹ́. Tulip àti crocus ló ń wá kiri. Allium náà, ìbátan àlùbọ́sà tí wọ́n ń gbìn fún òdòdó, ọ̀kẹ́rẹ́ kò fẹ́ràn òórùn rẹ̀.

Bí ẹ bá ti gbin tulip tán, ẹ ra wáyà olójú wẹ́wẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àgò adìẹ, ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ náà, ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bò ó. Ewé á gba ojú wáyà yọ. Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí: èèpo gbígbẹ ara isu tó bá já bọ́ sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń gbìn ín, ẹ ṣa gbogbo rẹ̀ kúrò. Òórùn rẹ̀ ló ń júwe ibẹ̀ fún ọ̀kẹ́rẹ́. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú náà máa ń fà á, nítorí náà ẹ tẹ̀ ẹ́ kó ki, kẹ́ ẹ da ewé gbígbẹ lé e lórí.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ wọ́n ata gígún sí i. Èmi ò fara mọ́ ọn. Òjò ẹ̀ẹ̀kan ló ń fọ̀ ọ́ lọ, ó sì ń ta ẹranko lójú.

Nọ́ọ̀sì Birmingham
Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta yẹn kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà. Májèlé tí Ọmọ Ìjẹ̀bú sọ yẹn kò mọ sórí ọ̀kẹ́rẹ́ o. Èròjà kan tó ń jẹ́ lycorine ló wà nínú daffodil, inú isu rẹ̀ ló sì pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á máa bì, inú á máa run ún, ìgbẹ́ gbuuru lè tẹ̀ lé e. Isu náà jọ àlùbọ́sà tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà ń ṣì í mú. Lọ́dún 2015, Public Health England, àjọ tó ń rí sí ìlera aráàlú nígbà náà, kọ̀wé sí àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá pé kí wọ́n má to daffodil sẹ́gbẹ̀ẹ́ èso àti ẹ̀fọ́, nítorí àwọn kan ti ṣì í mú, wọ́n sì ti jẹ ẹ́.

Nínú ilé Yorùbá tí àlùbọ́sà kì í wọ́n nílẹ̀, ẹ má gbé àpò isu òdòdó wọ kíṣìnnì rárá. Ṣẹ́ẹ̀dì ni kó wà, níbi tó ga, kẹ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí i lára. Bí màmá tàbí ìyá ọkọ bá ń bọ̀ wá kí yín láti Nàìjíríà, ẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé. Ẹni tó bá jí ní kùtù láti se ọbẹ̀ kò ní mọ̀ pé òdòdó ni.

Bí ẹ bá fura pé ọmọ ti gé e jẹ, ẹ pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera níbí. Bí mímí bá ń ni ín lára, tàbí tí kò mọ ibi tó wà mọ́, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni kẹ́ ẹ pè. Ẹ mú èyí tó ṣẹ́ kù dání kí wọ́n lè rí ohun tó jẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ajá tàbí ológbò, tulip àti hyacinth, òdòdó olóòórùn mìíràn tó ń ti inú isu jáde, náà ò dára fún wọn. Hyacinth sì máa ń mú ara yún ẹni tó bá fọwọ́ lásán kàn án, ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Ará Leeds
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti gbé àpò náà kúrò ní kíṣìnnì báyìí. Ibo ni kó wo òkè lára isu yìí? Crocus yẹn kéré, mi ò mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí. Báwo ló sì ṣe yẹ kí ihò jìn tó?

Bàbá Ọlọ́gbà
Ọmọ mi, ọgbà ìlú ni mo fi ṣe iṣẹ́ ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ni màá sọ.

Wo gíga isu náà láti ìdí dé orí. Ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìn tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, kó má dín sí ìlọ́po méjì. Daffodil tó bá ga ní 5 cm á wọlẹ̀ ní 15 cm. Crocus, 8 sí 10 cm ti tó o. Tulip, 15 sí 20 cm. Èyí tí kò bá jìn tó kì í pẹ́ kó tó dáwọ́ òdòdó dúró. Fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wọn, kó tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ isu kan. Orí tó ṣe ṣóńṣó ló ń wo òkè; ìdí tó pẹlẹbẹ, tí gbòǹgbò gbígbẹ wà lára rẹ̀, ló ń wo ìsàlẹ̀. Èyí tí o ò bá mọ orí rẹ̀, fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Á wá ọ̀nà òkè fúnra rẹ̀.

Má gbìn wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí ìlà. Gbẹ́ ihò kan tó fẹ̀, kó bíi méje tàbí mẹ́sàn-án sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Òdòdó tó pọ̀ sójú kan ló ń dá ẹni tó ń kọjá dúró.

Ní ti amọ̀, daffodil á fara dà á. Tulip ni kò ní fara dà á, torí omi ló ń pa tulip, òtútù kì í pa á. Tú ilẹ̀ ibẹ̀ káàkiri, po compost (ilẹ̀ tí wọ́n fi ewé jíjẹrà ṣe) àti òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, kí o wá kọ ọ́ ní ebè díẹ̀ kí omi lè ṣàn kúrò.

Ará Peckham
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọgbọ́n. Ohun tí mo kà lára páálí tí mo rà ni pé kí a da iyanrìn díẹ̀ sábẹ́ isu kọ̀ọ̀kan. Ṣé ìyẹn ò tó ni?

Bàbá Ọlọ́gbà
Kò tó nínú amọ̀. Ihò tí o gbẹ́ sínú amọ̀, omi gbogbo àyíká ibẹ̀ ló ń ṣàn wá sínú rẹ̀. Bí o bá da iyanrìn sí ìsàlẹ̀, omi á kàn dúró sínú iyanrìn náà ni, isu á sì jókòó lé e lórí. Gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ lo máa tún ṣe, tàbí kí o fi tulip sínú ìkòkò.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Bàbá, lọ́dọ̀ wa iyanrìn yẹn ń ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa kì í ṣe amọ̀ pọ́ńbélé. Fún ilẹ̀ bíi ti àbúrò wa yìí, ìmọ̀ràn yín ni kó tẹ̀ lé.

Ará Peckham
Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìkòkò, torí fúláàtì ni mo ń gbé, báńkónì nìkan ni mo ní. Ẹ wá ìkòkò tó jìn dáadáa, tó sì ní ihò nídìí. Ẹ bu compost sí i, ẹ to tulip sórí rẹ̀. Ẹ bu compost bò ó, ẹ to daffodil kékeré sí i. Ẹ tún bu compost, ẹ to crocus sókè pátápátá, kẹ́ ẹ wá bò ó. Ti ìsàlẹ̀ á yẹ̀ fún ti òkè bó bá ń yọ, wọn kì í dí ara wọn lọ́nà. Crocus á kọ́kọ́ tanná ní nǹkan bí oṣù Kejì, daffodil á gbà á ní oṣù Kẹta, tulip á parí rẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Ìkòkò kan ṣoṣo ló ń fún yín ní oṣù bíi mẹ́ta yẹn.

Atẹ́gùn máa ń le níbi tó ga, nítorí náà daffodil tí kì í ga ni kẹ́ ẹ rà, bíi Tête-à-tête. Ẹ fi nǹkan gbé ìdí ìkòkò kúrò nílẹ̀ kí omi lè jò dànù. Ẹ má sì gbàgbé bíbomi rin ín bí òjò ò bá kàn án. Isu inú ìkòkò tó gbẹ láàárín ìgbà òtútù kì í tanná.

Ará Leeds
Ìkòkò ni tulip máa lọ nìyẹn. Ìbéèrè kan ló kù: òdòdó yìí, ṣé ọdọọdún ló máa ń padà, àbí owó tí mo máa ná lọ́dọọdún nìyí?

Bàbá Ọlọ́gbà
Ibi tí mo ti fẹ́ kí o fetí sílẹ̀ jù lo dé yìí. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń pàdánù isu wọn kò ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ tí wọ́n gbìn ín. Lẹ́yìn tí òdòdó bá ti rẹ̀ ni wọ́n ń bà á jẹ́, nígbà tí ewé bá ń dọ̀bálẹ̀ tó sì ń pọ́n, tí wọ́n ní kò dára lójú mọ́, tí wọ́n bá mú ọ̀bẹ.

Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ Yorùbá, o mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í gé ìtàkùn iṣu nígbà tó bá ṣì tutù, kó tún máa retí iṣu ńlá. Ewé ló ń bọ́ ohun tó wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti daffodil rí. Oòrùn tí ewé rẹ̀ ń gbà láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà ló ń di oúnjẹ nínú isu, inú oúnjẹ yẹn sì ni òdòdó ọdún kejì ti ń dá. Bí o bá gé ewé yẹn, òdòdó ọdún tó ń bọ̀ lo gé.

Gé orí òdòdó tó ti rẹ̀ kúrò kó má baà so èso, torí èso á gba agbára isu. Fi igi òdòdó àti gbogbo ewé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán, títí á fi gbẹ fúnra rẹ̀. Má dì í, má ká a, má fi rọ́bà so ó. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí kí ọgbà lè mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ewé tí wọ́n dì kì í rí oòrùn gbà dáadáa. Láàárín àkókò náà, bu ajílẹ̀ olómi tí wọ́n fi ń tọ́jú tòmátò sí i, pòtásíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ ló wúlò fún un. Bí o bá gbìn ín sáàárín koríko, ẹ̀rọ ìgékoríko ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn á fi pé. Bí ewé gbígbẹ bá ń bí ọ nínú, gbin nǹkan mìíràn tó ń hù ní oṣù Karùn-ún síwájú rẹ̀ kó bò ó.

Bí o bá ṣe báyìí, daffodil àti crocus á máa padà, wọ́n á sì máa pọ̀ sí i. Nígbà tó bá yá, o lè rí daffodil tó ń yọ ewé tí kò yọ òdòdó. Bó bá ti pẹ́ nílẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé wọ́n ti fún pọ̀ jù. Bí ewé bá ti gbẹ, hú wọn, ya wọ́n sọ́tọ̀, kí o tún wọn gbìn ní jíjìn tó yẹ.

Tulip yàtọ̀. Ó tanná dáadáa lọ́dún kìíní, lẹ́yìn ìyẹn ó máa ń dín kù. Ilẹ̀ olókè tó gbẹ tí oòrùn ń jó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ti wá, ní Àárín Gbùngbùn Éṣíà, ilẹ̀ tútù ibí yìí kò bá a lára mu tó. Bí o bá fẹ́ èyí tó lè padà, bèèrè irú tí wọ́n ń pè ní Darwin Hybrid, Apeldoorn wà lára wọn. Ti ìkòkò, ra tuntun lọ́dọọdún, má retí púpọ̀ lọ́wọ́ ti àtijọ́.

Ará Houston
Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Texas, ẹ má tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n dá yìí o! Òtútù wa kò pẹ́ tó tulip. Inú fìríìjì la ń fi tulip àti hyacinth sí fún oṣù méjì ó kéré tán, ká tó gbìn wọ́n ní òpin oṣù Kejìlá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní. Ẹ má fi wọ́n sí fìríìjì tí ápù tàbí èso mìíràn wà. Èso tó ń pọ́n máa ń tú gáàsì ethylene jáde, ó sì ń pa òdòdó inú isu. Ẹ sì rántí ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì, ẹ kọ orúkọ sára àpò náà. Ọdún kan péré ló ń tanná níbí, bí ìgbà tí ẹ ra òdòdó ọjà ni kẹ́ ẹ kà á sí. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà fìríìjì, kó gbin paperwhite. Daffodil ni òun náà, kò sì nílò òtútù.

Ọmọ Ìbàdàn
Ẹ̀gbọ́n Houston, mo fẹ́ kó tulip bọ̀ nílé fún ìyá mi ní oṣù Kejìlá, kí wọ́n gbìn ín sí iwájú ilé wa ní Ìbàdàn. Ṣé á yọ?

Ará Houston
Á yọ ewé bóyá, kò ní yọ òdòdó tó nítumọ̀, kò sì ní rí ọdún kejì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èèyàn kì í kàn kó ohun ọ̀gbìn sínú báàgì lọ sílé. NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò kó tó wọlé, ló ń bójú tó o ní Nàìjíríà, ẹ máa nílò ìwé àṣẹ àti ìwé ẹ̀rí pé àrùn ò sí lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí Màmá gbin èyí tí ilẹ̀ ilé mọ̀. Scadoxus wà níbẹ̀, òdòdó pupa roboto tó máa ń ṣàdédé yọ nílẹ̀ bí òjò àkọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Inú isu ni òun náà ti ń wá. Crinum náà wà, òdòdó funfun rẹ̀ ga, ó sì lóòórùn. Òjò ló ń jí àwọn yẹn, bí òtútù ṣe ń jí ti ibí. Ẹ kàn jẹ́ kó wà níbi tí ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn ò ti ní jẹ ẹ́, torí àwọn náà ní májèlé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Kent
Kí n fi ọ̀kan kún un nítorí àwọn tó ń fẹ́ bluebell, òdòdó aláwọ̀ búlúù tí òun náà ń ti inú isu jáde. Ó pọ̀ nínú igbó níbí ní oṣù Kẹrin àti Karùn-ún, ó sì wu èèyàn láti hú díẹ̀. Ẹ má hú u o. Òfin Wildlife and Countryside Act ti ọdún 1981 kò gbà kéèyàn hú ohun ọ̀gbìn inú igbó láìgba àṣẹ ẹni tó ni ilẹ̀. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń gbìn ín tà. Kẹ́ ẹ bèèrè ti ibílẹ̀, kì í ṣe ti Sípéènì, torí ti Sípéènì máa ń tàn kiri, ó sì ń da irú ti ibílẹ̀ rú. Abẹ́ igi ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí, òun àti snowdrop, òdòdó funfun kékeré, kò kọ ìbòòji.

Àlejò tuntun, Cardiff
Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Oṣù Kìíní la wà yìí, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àpò tulip kan àti daffodil kan nínú gáréèjì. Ṣé kí n tọ́jú wọn di oṣù Kẹsàn-án?

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ má tọ́jú wọn o. Wọn kì í ṣe irúgbìn gbígbẹ tó lè dúró ọdún kan, wọ́n á gbẹ dànù tàbí kí wọ́n jẹrà. Ẹ tẹ̀ wọ́n wò, ẹ yọ èyí tó rọ̀ kúrò, kẹ́ ẹ gbin ìyókù lọ́sẹ̀ yìí. Bí yìnyín bá ti mú ilẹ̀ le, ẹ gbìn wọ́n sínú ìkòkò. Tulip á ṣì tanná, ó lè pẹ́ díẹ̀ ni. Daffodil lè kúrú, òdòdó rẹ̀ sì lè má pọ̀ lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tọ́jú ewé rẹ̀ bí Bàbá ṣe sọ, ọdún tó ń bọ̀ lẹ máa rí i dáadáa. Ẹ fi igi kékeré sàmì síbi tẹ́ ẹ gbìn wọ́n sí, kí ẹlòmíràn má wá fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ.